Dámiláre Lorúkọ Rẹ, Kì í Ṣe Kùmọ̀

Festac Town,
Ọjọ́ Ajé.

Àkànní ọmọ mi,

Inú mi ń dùn bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí. Mo fi èyí ṣáájú kí ohun tó kù nínú rẹ̀ má baà mú ọ rò pé ìbànújẹ́ ló fi báírò lé mi lọ́wọ́. Ìyàwó ni mí! Èmi tí irun iwájú orí mi ti ń funfun, èmi ni wọ́n ń kí ní "Ìyàwó, ẹ kú oríire o" láti ẹnu géètì wa títí dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta búrẹ́dì. Bàbá Fúnmi, ọkọ mi, ni wọ́n dín dòdò tí a jẹ láàárọ̀ yìí. Ó jóná lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo ń jẹ ẹ́, mo ń rẹ́rìn-ín, wọ́n bi mí pé, "Kí ló ń pa ọ́ lẹ́rìn-ín?" Mo ní, "Kò sí nǹkan kan, sà." Wọ́n ní, "Bí kò bá sí nǹkan kan, máa rín in lọ." Wọn kò sì béèrè mọ́. Àkànní, o mọ ohun tí ìyẹn jẹ́ fún mi. Èmi àti ìwọ ti gbé níbi tí wọ́n ti máa ń bi èèyàn léèrè ìdí tó fi rẹ́rìn-ín, tí wọ́n á sì kọ ìdáhùn náà mọ́ ọn lọ́rùn.

Tẹ́lẹ̀, "ọkọ mi" ni mo máa ń pè ọ́ tí mo bá fẹ́ kẹ́ ọ. Ní báyìí, ẹni tó ni orúkọ náà ti dé, wọ́n sì ti jókòó sórí àga. Má bínú. Àyè tìrẹ kò fi bí èékánná ṣe tó dín nínú mi.

Ọ̀rọ̀ tí o bá mi sọ lórí fóònù lánàá ni kò jẹ́ kí n jẹ dòdò náà tán. Láti ọjọ́ ìgbéyàwó ni mo ti ń lé ayọ̀ rẹ̀ kiri bí ọmọdé ti í lé labalábá, mi ò tilẹ̀ rántí pé èèyàn lè máa sọ̀rọ̀ burúkú lórí fóònù mọ́. O ní:

"Mummy, lọ́jọ́ Sátidé, ẹ má lọ sọ́dọ̀ Mama Nkem o."

Mo ní, "Kí ló dé? Ara rẹ̀ ò yá ni?"

"Ara wọn yá. Ẹ sáà má lọ."

"Dámiláre."

"Mummy, ẹ gbọ́ràn sí mi lẹ́nu lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo."

Ìgbà tí mo ta kú ni o tó sọ ọ́. O ní Ẹgbẹ́ Ìgbàpadà tí o wà nínú rẹ̀ fẹ́ lẹ ìwé mọ́ ṣọ́ọ̀bù gbogbo ẹni tí wọn kò bí baba ńlá rẹ̀ sí ilẹ̀ yìí, pé kí wọ́n palẹ̀ mọ́, kí wọ́n máa lọ. O ní ìwọ ni wọ́n fún ní ìlà ṣọ́ọ̀bù iwájú Raji Rasaki Estate, àti pé ṣọ́ọ̀bù bàtà Mama Nkem ni Kọ̀mándà yín ní kí o ti bẹ̀rẹ̀. O ní, "Mummy, kì í ṣe àwọn gan-an la ń bá wí. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni."

Mo fẹ́ sọ ohun tí o mọ̀ fún ọ. Má fò ó. Mo fẹ́ kí o fi ojú ara rẹ kà á.

Nígbà tí bàbá rẹ kú, èmi ni mo mú ọ lọ́wọ́ wọ inú ìjọ tí wọ́n ń pè ní Agbo. O ṣì kéré, o ń ru àpò iléèwé tó tóbi jù ọ́ lọ. Inú ọgbà kan lọ́nà Badagry ni, ògiri rẹ̀ ga, gbogbo wa ń jẹun láti inú ìkòkò kan. Ọkùnrin tó wà lórí wa ní kí a máa pe òun ní Olùtọ́. Ó gba orúkọ wa lọ́wọ́ wa, ó fún wa ní tuntun. Mo di Arábìnrin Ìdákẹ́jẹ́. Ìwọ di Ìteríba. Ní gbogbo Ọjọ́bọ, a óò jókòó yí ká, olúkúlùkù yóò sì dìde jábọ̀ ẹ̀ṣẹ̀ ẹlòmíì. Ìwọ rántí òfin rẹ̀: a kì í jábọ̀ ọ̀tá. Ẹni tí o fẹ́ràn jù lọ ni o gbọ́dọ̀ jábọ̀. Olùtọ́ á ní, "Ẹni tí ìwọ kò bá lè fà lé mi lọ́wọ́, òrìṣà rẹ nìyẹn."

Ìwọ dìde ní Ọjọ́bọ kan, o ní màmá òun ń kọ orin tí bàbá òun fẹ́ràn níbi tó ti ń fọṣọ. Wọ́n fi mí sí ààwẹ̀ ẹnu. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ bá mi sọ̀rọ̀, èmi náà kò gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀. Ìwọ ni wọ́n ní kó máa gbé oúnjẹ wá fún mi. O máa ń gbé e sílẹ̀, omijé á máa bọ́ sínú ọbẹ̀, o kò ní wo ojú mi. Àkànní, n kò bá ọ wí rí. Títí ayé, n kò ní bá ọ wí. Ọmọdé ni ọ́, wọ́n sì ti sọ fún ọ pé bí ìfẹ́ ṣe rí nìyẹn. Ṣùgbọ́n kí ló ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀? O kò lè wo ojú mi mọ́. Nígbà tí o kò lè wo ojú ìyá rẹ, ta ló kù tí o lè wò? Olùtọ́ nìkan. Ohun tí wọ́n fi jíjábọ̀ yẹn ṣe gan-an nìyẹn. Ẹ̀ṣẹ̀ mi kò jẹ́ nǹkan kan lójú wọn. Ilẹ̀kùn tí o lè gbà padà ni wọ́n ń fi ọwọ́ rẹ tì.

Wàyí o, bi ara rẹ. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ náà pọ̀. Ẹni tí kò jẹ oúnjẹ Mama Nkem rí lè lẹ ìwé mọ́ ilẹ̀kùn rẹ̀ láìwẹ̀yìn. Kí ló dé tó fi jẹ́ ìwọ? Kí ló dé tó fi jẹ́ ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni o ti máa bẹ̀rẹ̀? Nítorí Kọ̀mándà mọ ẹni tó jẹ́ sí ọ ni. O ti fi ẹnu ara rẹ sọ fún un, mo mọ̀ ọ́, ọ̀rọ̀ kì í pẹ́ nínú rẹ. Ó fẹ́ kí ó dùn ọ́. Lẹ́yìn Sátidé, o kò ní lè wo ojú Mama Nkem, o kò ní lè wo ojú mi, ilé Kọ̀mándà ní Kuje tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Festac níbí nìkan ni yóò kù fún ọ. Ọjọ́bọ nìyẹn, Àkànní. Wọ́n kàn gbé e lọ sí ọjọ́ Sátidé ni.

Jẹ́ kí n wá to ìmọ̀ràn mi lẹ́sẹẹsẹ bí àgbà ti í ṣe, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orí mi kò dúró lójú kan láti ìgbà ìgbéyàwó yìí.

Èkíní, fura sí ẹni tó bá yí orúkọ rẹ padà. Lọ́jọ́ ìdúpẹ́ wa, bí a ṣe ń jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ọmọkùnrin méjì kan dúró lẹ́bàá géètì, wọ́n ń pariwo, "Kùmọ̀! Kùmọ̀, ó yá o!" Bàbá Fúnmi bi mí pé, "Ta ló ń jẹ́ Kùmọ̀ láàárín wa?" Mo ní n kò mọ̀. N kò tíì panu dé tí mo fi rí i tí o yí ọrùn. Bí o ṣe máa ń yí i nígbà tí wọ́n bá pe Ìteríba ni o ṣe yí i, kíá, bí ẹni tí okùn wà lọ́rùn rẹ̀. Mo bi ọ́, o ní, "Orúkọ eré lásán ni, Mummy. Ẹ kàn máa ń fura sí gbogbo nǹkan." Òótọ́ ni. Mo ń fura. Páńsá kò fura, páńsá já síná. Àjà kò fura, àjà jìn. Mo bí Dámiláre, wọ́n sọ ọ́ di Ìteríba, a jìjàkadì gbà á padà, ó tún wá di Kùmọ̀. Kùmọ̀ kì í yan ẹni tí wọ́n máa fi òun lù. Ọwọ́ ẹlòmíì ló wà.

Èkejì ni èyí tí mo ti ń rò láti ìgbà pípẹ́: ìdí tó fi jẹ́ irú wa ni wọ́n máa ń rí mú. Àwọn èèyàn rò pé ẹni tí wọ́n ti tàn rí kò ní gba ẹ̀tàn mọ́. Irọ́ ni. Nígbà tí mo kọ́kọ́ bi ọ́ nípa Ìgbàpadà, ẹ̀rín ni o fi dá mi lóhùn. O ní, "Mummy, kì í ṣe ṣọ́ọ̀ṣì o! Kò sí ẹni tó ń gbàdúrà níbẹ̀. Kọ̀mándà gan-an máa ń fi àwọn pásítọ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ títí a ó fi máa di ikùn mú." Ó dùn mọ́ ọ nínú. Ọmọ mi, ibẹ̀ ló ti mú ọ. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Ìwọ sá fún ekòló, o sì sá wọ ihò òkà. Láti ìgbà tí a ti kúrò nínú Agbo, ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ni èmi àti ìwọ ń ṣọ́. Ẹni tó bá gbé Bíbélì dání, a óò tú àpò rẹ̀ wò. Tí wọ́n bá fún ọ ní ìwé ìwàásù lọ́nà, o máa ń sọdá sí òdìkejì títì. Ṣùgbọ́n ẹni tó wọ bàtà ṣọ́jà, tó ń bú pásítọ̀, tó ń pe orúkọ ìlú dípò orúkọ Ọlọ́run, àga la gbé fún un. A kò wo ohun tó ń fi ọwọ́ ṣe. Aṣọ ọrùn rẹ̀ la ń wò. Bí wọ́n bá ti ń gba orúkọ rẹ, tí wọ́n ń gba ọ̀rẹ́ rẹ, tí ìbéèrè sì di ẹ̀ṣẹ̀, Agbo ni, ì báà jẹ́ àsíá ni wọ́n ta sí iwájú ibẹ̀.

Ẹ̀kẹta. Ṣé ẹ̀kẹta la wà? Ìdákẹ́rọ́rọ́ tó máa ń tẹ̀lé e. Nígbà tí a kúrò níbẹ̀, inú mi dùn fún ọjọ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà ni ayé wá tóbi jù. Mo wọ ilé ìtajà ńlá kan ní Amúwo láti ra ọṣẹ. Nínú Agbo, wọ́n máa ń gé ọṣẹ fún wa ni. Mo dúró síwájú àwọn ọṣẹ náà, pupa, àwọ̀ ewé, funfun, ẹkún sì bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ lójú mi. Mama Nkem tó tẹ̀lé mi lọ wá bá mi níbẹ̀, ó ní, "Ah-ah! Ọṣẹ lò ń wò bí ẹni pé ó fẹ́ sọ̀rọ̀? Mú èyí tó ń ta sánsán sí ẹ." Mo ní n kò mọ èyí tó ń ta sánsán sí mi. Kò fi mí rẹ́rìn-ín. Ó ń mú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń gbé wọn sí mi nímú, títí mo fi yan ọ̀kan. Bí ẹnì kan bá dé lọ́jọ́ náà tó ní, "Èyí ni kí o rà, òmíràn ni kí o máa kórìíra," ǹ bá tẹ̀ lé e dé òpin ayé. Mo mọ bó ṣe rí. Nítorí náà n kò lè bú ọ.

Ìwọ náà wá ríṣẹ́, o ń to páálí bisikíìtì lé ara wọn lórí ní ilé ìkẹ́rùsí. Iṣẹ́ tó dára ni. Ṣùgbọ́n nínú Agbo, wọ́n ti sọ fún ọ láti kékeré pé àwa la óò ṣe ìdájọ́ ayé. Ẹni tí wọ́n ti ṣèlérí irú ìyẹn fún, tó wá ń to bisikíìtì, tí ọ̀gá ilé ìkẹ́rùsí kò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀, ó máa ń dà bíi pé wọ́n lé e sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè. O máa ń dé, o máa ń jókòó sínú yàrá láìtan iná. Mo rò pé ó rẹ̀ ọ́ ni. Kọ̀mándà kò rò bẹ́ẹ̀. Ó rí ọ, ó ní, "Jagunjagun ni ẹ́." Gbogbo ara rẹ dìde. Àkànní, fura sí ẹni tó bá ń sọ fún ọ pé o tóbi ju àwọn tó ń ṣiṣẹ́ oòjọ́ wọn lọ. Mo ń jẹ bisikíìtì yẹn. Ẹni tó tò ó tí kò fi fọ́, mo mọ rírì rẹ̀.

Ìbínú náà ńkọ́? Olùtọ́ jẹ ọ̀pọ̀ ọdún mọ́ wa lọ́wọ́, kò sí ẹni tó mú un. Ó tú ọgbà rẹ̀ ká, ó sì lọ. Ìbínú rẹ wá di ẹni tí kò nílé. Ó ń rìn kiri. Kọ̀mándà gbà á sílé, ó fún un ní àdírẹ́sì: ṣọ́ọ̀bù Mama Nkem. Ṣùgbọ́n ta ló kó ìgbà èwe rẹ jẹ? Ṣé Mama Nkem ni? Mo bẹ̀ ọ́, dáhùn, kódà bó jẹ́ nínú ara rẹ.

Nítorí pé mo rántí ọjọ́ tí a sá kúrò nínú Agbo. Ọ̀sán gangan ni, òjò ń rọ̀, gbogbo wọn wà nínú gbọ̀ngán. Wọ́n ní kí èmi àti ìwọ lọ ká aṣọ lórí okùn. A ká aṣọ náà, a gba géètì jáde, a kò sì dúró mọ́. Títí a fi bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ tó gbé wa dé ìtòsí Raji Rasaki, aṣọ àwọn aláṣọ ṣì wà ní apá wa, omi ń ro lára wa. A sá sábẹ́ òrùlé ṣọ́ọ̀bù kan. Obìnrin onísọ̀ náà yọjú síta, ó ní, "Madam, ṣé títà ni àwọn aṣọ yìí?"

Mo ní, "Rárá, mà."

"Aṣọ ta ni?"

"N kò mọ̀, mà."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó tún wo ẹsẹ̀ rẹ, kò sí bàtà níbẹ̀. Ẹ̀rín náà tán. Ó wọlé, ó mú bàtà iléèwé kan jáde nínú ọjà rẹ̀, ó kúnlẹ̀ síwájú rẹ. "Fi ẹsẹ̀ síbí. Tòsì nìyẹn, ọmọ mi, mú ọ̀tún wá." Kò béèrè ìlú wa. Kò béèrè ẹ̀yà wa. Inú pálọ̀ rẹ̀ la sùn títí mo fi rí yàrá. Ẹni tí o sọ pé kì í ṣe òun gan-an lẹ ń bá wí nìyẹn. Ta wá ni? Ẹrù rẹ̀ ni wọ́n ní kó kó kúrò. Ilẹ̀kùn rẹ̀ ni ìwé máa lẹ̀ mọ́. Ọ̀rọ̀ "kì í ṣe òun gan-an" yẹn, níbo lo ti gbọ́ ọ? Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ.

O tún ní ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni. Ó dáa, jẹ́ ká sọ ti ilẹ̀. Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ni bàbá mi ti wá. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni, ìbò ni wọ́n fi pín ilé ní Festac, orí rẹ̀ bá a ṣe é, ó kó wa dé pẹ̀lú ibùsùn onírin kan. Ẹ̀gbá ni Bàbá Fúnmi. Kí gbogbo wa tó dé, àwọn ará Amúwo àti Kuje ti ń pẹja níhìn-ín. Bí wọ́n bá ní kí ẹni tí wọn kò bí baba ńlá rẹ̀ síbí dìde, èmi yóò dìde, ọkọ mi yóò dìde, ìwọ yóò dìde, Kọ̀mándà yín tí ohùn rẹ̀ ń dún bíi ti ará Òkè-Ògùn yóò dìde. Ta ni yóò kù tí yóò máa ti géètì? Mo sọ èyí fún Bàbá Fúnmi, wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi húkọ́. Àmọ́ lẹ́yìn ẹ̀rín náà, wọ́n ní, "Ìyàwó mi, kì í ṣe ilẹ̀ làwọn yẹn ń wá. Ọmọ ni wọ́n ń wá." Mo ti ń ro ọ̀rọ̀ náà láti ìgbà yẹn.

Mo tún ń fura sí iṣẹ́ tuntun yìí. O bínú nígbà tí mo béèrè. O kúrò ní ilé ìkẹ́rùsí nítorí pé Kọ̀mándà bá ọ wá iṣẹ́ olùṣọ́ àgbà. O kó lọ sí ilé tí Kọ̀mándà gbà fún ẹ̀yin ọmọkùnrin ní Kuje. Ẹni tó fún ọ níṣẹ́, tó fún ọ nílé, tó fún ọ lórúkọ, kí ló kù lára rẹ tí kì í ṣe tirẹ̀?

Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ayọ̀ mi náà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀sẹ̀ tí mo kó ẹrù wá sílé ọkọ ni ìwọ náà kó tìrẹ. Mo ń jó, n kò wẹ̀yìn. Bí o bá rò pé mo ti rí ilé, ìwọ kò sì ní ilé mọ́, o ṣi ìyá rẹ mọ̀. Yàrá kan wà níbí. Àwọn rédíò tó ti kú ni Bàbá Fúnmi kó síbẹ̀ láti ọdún gbọọrọ, wọ́n sì ti ń kó wọn jáde láti àná. Mo ní kí wọ́n fi sílẹ̀ ná, pé bóyá o kò ní wá. Wọ́n ní, "Bí kò bá wá, yàrá á wà láìní rédíò. Kí ló burú níbẹ̀?" Irú ọkùnrin tí mo fẹ́ nìyẹn, ẹ bá mi yọ̀!

Ó yẹ kí n sọ bí mo ṣe mọ̀ pé mo lè fẹ́ wọn, nítorí ìmọ̀ràn tó tóbi jù nínú ìwé yìí wà níbẹ̀. O mọ̀ pé mo fura sí wọn gidigidi. Opó tó ti inú Agbo jáde, tí ọkùnrin wá ń kí lẹ́yìn ìdánrawò orin, ṣé kò ní fura ni? Mo wá dán wọn wò. Wọ́n ní àwọn fẹ́ wá kí mi lọ́jọ́ Àìkú. Mo ní rárá. N kò sọ ìdí. Wọn kò wá. Lọ́jọ́ Ajé, wọ́n dúró lẹ́nu géètì pẹ̀lú ewé efinrin tí wọ́n gé láti báákónì wọn, wọ́n ní, "Ṣé tòní wà lára ọjọ́ tí mo lè wá?" Mo tún ní rárá. Wọ́n na efinrin náà sí mi láti orí géètì, wọ́n ní, "Ó dára fún inú rírun," wọ́n sì bá tiwọn lọ. Wọn kò bínú, wọn kò kan ara gógó, wọn kò rán ẹnikẹ́ni wá sọ fún mi pé ọkàn àwọn bàjẹ́. Mo dúró síbẹ̀, efinrin ń ta sánsán lọ́wọ́ mi, mo ní, háà, ẹni tí mo lè sọ "rárá" fún rèé! Ìgbà yẹn ni mo tó bẹ̀rẹ̀ sí í ro "bẹ́ẹ̀ ni."

Ṣe irú rẹ̀ fún Kọ̀mándà. Kó tó di Sátidé, sọ "rárá" kékeré kan fún un. Má bá a jà. Sọ fún un pé o kò ní lè wá sí ìpàdé Ọjọ́rú nítorí pé ìyá rẹ fẹ́ kí o wá bá òun gbé kọ́bọ́ọ̀dù. Kí o wá máa wò. Bó bá ní, "Kí ìyá náà o," mo ti ṣì í mọ̀ nínú nǹkan kan nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ilé bá dákẹ́, bó bá wo àwọn yòókù kó tó wo ìwọ, bí ẹnì kan bá fà ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lẹ́yìn náà pé, "Kùmọ̀, inú Kọ̀mándà ò dùn sí ẹ o," tí àyà rẹ sì já, o ti mọ ibi tí o wà. Àyà yẹn ni kí o gbọ́ràn sí lẹ́nu. Ó ti gbé nínú Agbo rí, ó mọ òórùn ibẹ̀.

Bí o bá fi ìwé yìí hàn án, n kò ní bínú. Kó kà á. Ẹ kú iṣẹ́ o, Kọ̀mándà. Ọmọ tí ẹ ń pè ní Kùmọ̀, mo rọbí rẹ̀ fún odindi ọjọ́ kan, n kò sì rí yín níbẹ̀. Ìwọ náà, Àkànní, bí o bá máa fèsì, fi ẹnu ara rẹ fèsì. Bí mo bá rí ọ̀rọ̀ tó gùn, tó ń dún bí ìwàásù, màá mọ ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ tó ń sọ ọ́ fún ọ.

Ohun tó kù ni pé mo ti lọ sọ fún Mama Nkem. Mo rò ó títí, mo ní n kò ní máa jẹun nílé rẹ̀ kí n sì fi èyí pamọ́. Ó ń to bàtà lọ́wọ́. Bó ṣe rí mi, ó pariwo, "Iyawo! You don fresh o! Bàbá yẹn ń tọ́jú ẹ!" Mo jókòó, mo sọ ọ́ fún un. Ó ní, "Dámi? Dámi tèmi?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó mú bàtà kan, ó fi etí aṣọ rẹ̀ nù ún, bẹ́ẹ̀ eruku kò sí lára rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó bi mí pé, "Níbi tó wà yẹn, ṣé wọ́n ń fún un lóúnjẹ dáadáa?" Kò béèrè nǹkan mìíràn. Mo ní kó ti ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ náà, ó ní òun kò ní tì í. Bí àwọn òbí bá wá ra bàtà, níbo ni wọ́n á ti rí òun?

Nítorí náà, èmi yóò wà níbẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Bàbá Fúnmi ti sọ fún alága àwọn olùgbé Raji Rasaki, ọkọ mi sì ní àwọn yóò bá mi lọ. A óò gbé àga síwájú ṣọ́ọ̀bù Mama Nkem láàárọ̀, kí ó tó ṣílẹ̀kùn. Bí o bá mú ìwé àti góòmù wá, ẹ̀yìn mi ni yóò wà lára ilẹ̀kùn náà. N kò ní tì ọ́, n kò ní pariwo lé ọ lórí. Màá kàn jókòó, o óò sì ní láti lẹ ìwé náà mọ́ mi láyà, kí o máa wo ojú mi bí o ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Bí o bá sì wá lọ́wọ́ òfo, wá bá wa jókòó. Má ronú nípa ohun tí o máa kọ́kọ́ sọ. Kí Mama Nkem bí ọmọ ti í kí ìyá, kí o sì bá a gbé àwọn bàtà náà síta.

Èmi ni, ìyá rẹ,
Àbẹ̀kẹ́.